Omi Kùráǹ Àkànó

Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí tí Jàríátù, ìyàwó Àkànó, ti wà lórí ẹní. Láàárọ̀, ara rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, á tún gbóná, á máa gbọ̀n, eyín rẹ̀ á máa lu ara wọn. Ọjọ́ kẹsàn-án kan náà nìyí tí Àkànó ti ń fún un ní omi kùráǹ, omi tí iná bátìrì wọ̀, mu, igbá kan láàárọ̀, igbá kan lálẹ́, tí ìbà náà kò sì gbọ́ tirẹ̀. Ohun tó ń já ọkùnrin náà láyà kì í ṣe ìbà nìkan. Gbogbo Kambolé, ìlú rẹ̀, ń wò ó.

Ẹni tó ń wo ọmọ ẹlòmíràn sàn, tí kò lè wo ti ilé ara rẹ̀, kí ni wọ́n ó máa pè é? Ìbéèrè yìí ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ. Bó bá jókòó ti ìyàwó rẹ̀, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lọ́rùn, tó gbọ́ tí ẹnì kan ń kọjá lẹ́yìn ilé, á dákẹ́ lójijì, á tẹ́tí bóyá orúkọ òun ni wọ́n ń dá. Ìbẹ̀rù ìtìjú àti ìbẹ̀rù ikú ti pò pọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò mọ èwo ni èwo mọ́.

Àkànó kò bá omi kùráǹ wáyé o. Ọmọ àgbẹ̀ oníṣu ni, ọmọ àlùfáà sì ni pẹ̀lú, nítorí bàbá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lábẹ́ igi máńgòrò títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lẹ́yìn ikú bàbá, láyé ìgbà tí àwọn Faransé ṣì ń kó àwọn ọkùnrin lọ ya ọ̀nà tipátipá, Àkànó ní òun kọ́ ni wọ́n máa mú, ló bá sá lọ sí Sokodé. Ní àdúgbò Kouloundè ló ti rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ládiípọ̀, Yorùbá ọmọ ìjọ Kátólíìkì tí àwọn òbí rẹ̀ ti ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ wá, tó ń tún kámíọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù, ṣe.

Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Ká sòótọ́, kò di mẹkáníìkì. Ó ń fọ nọ́ọ̀tì, ó ń gbé táyà, ó ń di wáyà mú fún ọ̀gá, iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ là. Ó gbọ́ pílúsì àti mùwẹ́ẹ̀n, ẹnu méjèèjì bátìrì, ó gbọ́ fóòtì tí wọ́n fi ń wọn agbára iná, ó gbọ́ kùráǹ, iná tó ń gba inú wáyà kọjá, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú bí ẹni ń kó ẹ̀pà sápò.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ nínú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kùráǹ gbá a, ó gbé e ṣubú sẹ́yìn, fìlà lọ́tọ̀, Àkànó lọ́tọ̀. Nígbà tó máa fi dìde, eyín tó ti ń dùn ún láti ọ̀sẹ̀ méjì ti dákẹ́.

"Ọ̀gá! Eyín mi! Kò dùn mí mọ́!"

Ládiípọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìpayà ló lé e sá. Fara balẹ̀, ó ń padà bọ̀."

Lóòótọ́, eyín náà padà dé lóṣù kejì. Ṣùgbọ́n kó tó dé, Àkànó ti ròyìn fún ènìyàn tó pọ̀ jù, kò sì ròyìn ìpadàbọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó ń padà sílé, Ládiípọ̀ fún un ní bátìrì kámíọ̀n méjì tó ti gbó, dúdú, wúwo, oníhò mẹ́ta mẹ́ta lórí pẹ̀lú ìdérí wọn. Ó ní kó máa fi tan iná díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Ta ló fẹ́ tan iná? Àkànó so wáyà mọ́ bátìrì, ó so ìṣó mọ́ ẹnu wáyà, ó ki ìṣó méjèèjì bọ inú igbá omi tó ti bu iyọ̀ sí. Háà! Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kò síná, kò séèéfín. Kò pẹ́, ó pọ́n bí omi tí a fi fọ irin tó dípẹtà. Àwọn tó ń wò ó sún sẹ́yìn.

Àlàyé kò sì wọ́n ọn lẹ́nu. Ó ní bátìrì ni ara ènìyàn. Orí ni pílúsì, àtẹ́lẹsẹ̀ ni mùwẹ́ẹ̀n. Bí fóòtì inú ara bá wálẹ̀, á rẹ ènìyàn. Bí kùráǹ inú ara bá forí gbárí lójú ọ̀nà, ìbà nìyẹn, àbí ẹ ò rí i pé ìbà ń gbóná bí wáyà tó fẹ́ jó ni? Ẹni tó bá mu omi tí kùráǹ ti wọ̀, fóòtì rẹ̀ á padà sókè, ó parí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ fóòtì, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Ràbíátù, aládùúgbò rẹ̀ tí orí máa ń fọ́, ló kọ́kọ́ mu ún. Lọ́jọ́ kejì orí ṣíwọ́ fífọ́, bí orí ṣe máa ń ṣíwọ́ fífọ́ láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Ni òkìkí bá kàn. Wọ́n wá láti Goubi, wọ́n wá láti Koussountou, iṣu lórí, ìkókó lẹ́yìn. Ẹni tí ara rẹ̀ yá ń ròyìn kiri; ẹni tí ara rẹ̀ kò yá jókòó sílé rẹ̀, ta ló máa gbọ́ tirẹ̀?

Ṣé Àkànó wá ń purọ́ ni? Rárá o. Ìbá sàn bó bá jẹ́ pé irọ́ ló ń pa. Ó gba ohun tó ń ṣe gbọ́, bí ènìyàn ṣe máa ń gba ohunkóhun tó bá sọ ọ́ dẹni ńlá gbọ́. Nígbà tó bá ku òun nìkan ni iyèméjì máa ń yọjú, á sì dìde kíá, á wá ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ̀, Hàjàrá, ló gbà á gbọ́ jù. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin yìí fi fọ wàláà, pátákó ìkéwú, fún ọkọ rẹ̀. Àlùfáà á fi tàdáà kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára pátákó, Hàjàrá á fi omi ṣàn án, omi dúdú tó bá ṣàn wálẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hàǹtú, òun ni aláìsàn ń mu. Òfin kan wà tí ọkọ rẹ̀ fi lélẹ̀ nínú ilé yẹn: ẹni tó bá bu hàǹtú ni yóò kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀, lójú aláìsàn, kí ọkàn aláìsàn lè balẹ̀. Hàjàrá kò rú òfin náà rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ ti kú. Ohùn rẹ̀ sì ni ilé fi ń jí. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké kéwú tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ, ohùn á máa ròkè, á máa wálẹ̀, àwọn aládùúgbò á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Nígbà tó kọ́kọ́ rí omi ọmọ rẹ̀ tó pọ́n nínú igbá, ó sunkún ayọ̀. "Bàbá rẹ fi tàdáà ṣe é, ìwọ fi irin ṣe é. Ọ̀nà ló yàtọ̀, ibì kan náà ló já sí." Àkànó yẹ kó sọ fún un pé kì í ṣe bákan náà. Kò sọ ọ́. Oyin ni ọ̀rọ̀ náà létí rẹ̀.

Ó dára, ọjọ́ kẹsàn-án là ń sọ. Lówùúrọ̀ yẹn, ọ̀kan nínú bátìrì méjèèjì ti kú pátápátá. Èkejì, tí Ládiípọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe lóṣù tó kọjá, ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Àkànó jókòó, ó rò ó, ó wá dá ara rẹ̀ lóhùn pé ìbà yìí ju agbára bátìrì kan lọ ni. Bí òun bá gbé èyí tó kú lọ sí Sokodé, tí ọ̀gá jí i, tí òun so méjèèjì pọ̀, fóòtì ìlọ́po méjì, ìbà wo ló máa dúró?

Mùstàfá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, bá a níbi tó ti ń di bátìrì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. "Àkànó, o kò bá gbé Jàríátù fúnra rẹ̀ dípò irin yìí. Dókítà wà ní Tchamba tó ń gúnni lábẹ́rẹ́."

"Kí wọ́n wá sọ pé Àkànó kò lè wo ìyàwó ara rẹ̀ sàn?"

"Ṣé ohun tí wọ́n máa sọ ni ìṣòro rẹ báyìí?"

Àkànó tẹ̀ mọ́ okùn dídì. Okùn tó ń fà já mọ́ ọn lọ́wọ́. Orí rẹ̀ ti gbóná. Ìgbà náà gan-an ni ìyá rẹ̀ jáde láti inú yàrá.

"Àkànó, bí o kò bá wá tètè dé ńkọ́? Èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà yìí o."

"Ẹ máa fún un nínú èyí tó kù nínú ìkòkò, Ìyá."

"Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Omi tó ń dún nínú bátìrì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ni ìyẹn?"

Ó ń kánjú, ó ń wá okùn mìíràn. "Ìyẹn gan-an ni orísun agbára, Ìyá. Ibẹ̀ ni gbogbo kùráǹ ń gbé." Ó fa okùn le, ó gun kẹ̀kẹ́, ó kọrí sí ọ̀nà Tchamba. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú kì í gbọ́ nígbà tí tirẹ̀ bá balẹ̀.

Ó fi kẹ̀kẹ́ sọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ kan ní Tchamba, ó wọ kámíọ̀n, ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó dé Kouloundè. Ládiípọ̀ fún un lóúnjẹ, ó fún un ní ẹní. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ṣí ìdérí bátìrì, ó ń yọjú sínú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyàwó ńkọ́? O kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Ara rẹ̀ kò yá, ọ̀gá. Ọjọ́ kẹwàá rèé. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe wá, fóòtì rẹ̀ ti wálẹ̀ jù."

Ládiípọ̀ gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. "Fóòtì ta ni?"

Àkànó ṣàlàyé. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kò tíì sọ ọ́ délẹ̀délẹ̀ lójú ẹni tó mọ ohun tí fóòtì jẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ báyìí, orí ni pílúsì, àtẹ́lẹsẹ̀ ni mùwẹ́ẹ̀n, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ara rẹ̀ ń sún kì. Ládiípọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù.

"Ki ọwọ́ bọ garawa yẹn," ni Ládiípọ̀ wí. "Ru omi inú rẹ̀. Ru ú dáadáa. Ó tó, yọ ọwọ́."

Omi náà yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́.

"Ríru tó o ru ún dà?"

"Ó ti tán, ọ̀gá."

"Bẹ́ẹ̀ ni kùráǹ rí. Bí wáyà bá ti jáde, ó ti tán nìyẹn, kì í lúgọ sínú omi de aláìsàn. Iyọ̀ àti ìpẹtà ìṣó lò ń fún àwọn ènìyàn mu, Àkànó."

"Ṣùgbọ́n ara wọn ń yá."

"Ṣé kí o tó dé, gbogbo ẹni tí orí bá ń fọ́ ní Kambolé ló ń kú ni?"

Ojú ti Àkànó débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ládiípọ̀ ti tún tẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ní òun kò bú u, kó sáà gbé obìnrin náà lọ bá dókítà lónìí kí ó tó di ọ̀la. Ó wá béèrè pé, "Èkejì dà, èyí tí mo bu asíìdì tuntun sí lóṣù tó kọjá?"

"Ó wà nílé. Nínú yàrá ìyá mi."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi inú rẹ̀? Wo ṣòkòtò mi." Ihò ni gbogbo itan ṣòkòtò rẹ̀, kéékèèké, bí ibi tí eku ti jẹ. "Bó ṣe ń ṣe aṣọ nìyẹn. Bó bá wá di pé ènìyàn gbé e mì..."

Àkànó mọ àwọn ihò yẹn, ó kúkú rí wọn fún ọdún mẹ́rin gbáko. Kò rò wọ́n dé ibì kankan rí. Ìsinsìnyí ló gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́bàá kẹ̀kẹ́, ketekete: ìyẹn gan-an ni orísun agbára, Ìyá. Ó gbọ́ ìbéèrè ìyá náà. Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún mọ̀ pé ibi tí agbára bá wà, a kàn ń bu omi rẹ̀ fún aláìsàn mu ni.

"Yéè! Mo gbé!" Ó ti dé ojú ọ̀nà kí Ládiípọ̀ tó nàró. Kò mú bátìrì, kò mú fìlà.

Kámíọ̀n kan ṣoṣo ló ń lọ sí Tchamba láàárọ̀ yẹn, ẹrù rẹ̀ kò sì tíì pé. Awakọ̀ náà, ọkùnrin Kótókólì kan tí kò mọ ìdí tí ayé fi ń kánjú, jókòó lábẹ́ igi, ó ń jẹ obì. Àkànó bẹ̀ ẹ́ ní Kótókólì, ó bẹ̀ ẹ́ ní Faransé tí kò gún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin náà ní àpò ṣúgà kan ṣì ń bọ̀ láti ìsọ̀ kan. Wọ́n dúró de ṣúgà. Nígbà tí wọ́n gbéra, táyà jò lójú ọ̀nà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́. Oòrùn ti ga kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ tán, awakọ̀ wá ní ó kù díẹ̀ kí ìrun àílà wọlé, kí wọ́n kúkú kí i kí wọ́n tó lọ. Àkànó bá wọn kírun. Kò mọ ohun tó kà. Ó forí balẹ̀, ó ń sọ fún Ọlọ́run pé kí Ìyá ti gbàgbé, kí Ìyá má rántí, kí ìdérí bátìrì le, kí ọwọ́ arúgbó má lè ṣí i.

Ìṣirò kan ló ń ṣe ní gbogbo ọ̀nà. Bó bá jẹ́ alẹ́ àná ni Ìyá bu omi yẹn fún Jàríátù, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Bó bá jẹ́ àárọ̀ yìí, bákan náà ni. Àmọ́ omi ìkòkò ṣì kù díẹ̀, àbí kò kù? Ó tó igbá kan. Bó bá jẹ́ igbá kan, ó tó alẹ́ àná, kò tó àárọ̀. Bó bá tó ìlàjì ńkọ́? Ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Tchamba, ó já kẹ̀kẹ́ gbà, kò kí ẹni tó bá a tọ́jú rẹ̀. Ó kọjá níwájú ilé ìwòsàn, ilé funfun tí àwọn ènìyàn jókòó sí abẹ́ igi rẹ̀. Kò wo ibẹ̀. Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Kambolé ló ń wò lókèèrè, yàrá ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ó wa kẹ̀kẹ́ títí àyà rẹ̀ fi ń dùn ún, ó gbé e la iyanrìn kọjá, ó tún gùn ún.

Ó kù díẹ̀ kó dé Koussountou ló rí àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó ń bọ̀ wá bá a lẹ́yìn láti ọ̀nà àbùjá, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn léjìká. Aṣọ ni wọ́n so mọ́ ọ̀pá náà, irú èyí tí a fi ń gbé aláìsàn. Aṣọ náà rọ dòò. Òfìfo ni. Mùstàfá ló wà níwájú, ó ń ti kẹ̀kẹ́.

Àkànó sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sínú iyanrìn. Kẹ̀kẹ́ ṣubú tì í, táyà rẹ̀ ń yí lọ.

"Ó ti kú," ni Àkànó wí.

"Ta ló kú?" ni Mùstàfá wí. "Dìde. Tchamba la ti ń bọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà la gbé wọn lọ láti ìdájí. O ti kọjá wọn."

"Wọn? Àwọn ta ni?"

Mùstàfá wo àwọn yòókù, wọ́n wolẹ̀. "Èmi ni mo gbé Jàríátù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi. Ẹni tí a fi aṣọ gbé ni Ìyá."

Bó ṣe padà dé Tchamba, Àkànó kò lè sọ. Ó bá ìyàwó rẹ̀ lórí ìjókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri, òwú abẹ́rẹ́ lápá rẹ̀. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Lẹ́sẹ̀ rẹ̀, lórí ẹní, Hàjàrá dùbúlẹ̀. Ètè rẹ̀ wú, ó funfun, ẹnu rẹ̀ kò lè padé. Ìyá rí i. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń kí i kú ìrìn.

"Omi ìkòkò tán lálẹ́ àná," ni Jàríátù wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ní ìdájí òní, ara mi tún gbóná. Ó ṣí bátìrì, ó fi ṣíbí igi bu ú sí igbá. Mo na ọwọ́ láti gbà á. Ó ní kí n dúró, pé òfin Bàbá ńkọ́. Ó ní Bísímílà." Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. "Olówó orí mi, kì í ṣe pé ó tọ́ ọ wò o. Ìbá tọ́ ọ wò, ìbá tu ú dànù. Ó gbé e mì, nítorí pé tìrẹ ni."

Dókítà náà jáde wá, ó béèrè ní Faransé, ó tún béèrè ní Kótókólì, lójú gbogbo ènìyàn, pé ta ló sọ fún ìyá arúgbó yìí pé asíìdì ṣeé mu.

"Èmi ni," ni Àkànó wí.

Dókítà ní díẹ̀ ni Ìyá gbé mì, ìyẹn ló yọ ọ́ lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ti ìyàwó, ìbà lásán ni. Ó ní ká ní wọ́n ti gbé e wá ní ọjọ́ kejì, ìbá ti wà lóko báyìí. Ó sọ èyí láìbínú, ó sì wọlé padà lọ. Àkànó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lé itan, ó sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀ ni wọ́n tó gbé Hàjàrá padà sí Kambolé. Ògì tútù ló ń mu, díẹ̀díẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò padà wá. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí lásán ló ń jáde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á sì rẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní tó sun ilé, tí àdúgbò tún gbójú lé ohùn rẹ̀, oòrùn ti wọ àgbàlá kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ràbíátù tó jáde láti gbálẹ̀ dúró, ó wo ojú ọ̀run, kò yé e bí ilẹ̀ ṣe mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún wọn. Àkànó ti jí láti ìdájí ní tirẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, ó ń dúró de ohùn tó mọ̀ pé kò ní dún.

Ó ti dá bátìrì padà fún Ládiípọ̀. Ó ti ju wáyà àti ìṣó sí ṣáláńgá. Ó rò pé ó tán.

Kò tán o! Ọmọ aráyé! Ọ̀rọ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn lọ. Wọ́n ní omi tó lè jó Ìyá Àkànó lẹ́nu, ṣé ìbà lásán ló máa dúró níwájú rẹ̀? Wọ́n ní Jàríátù tó wà nínú yàrá kan náà, ṣé ara rẹ̀ kò yá ni? Èéfín rẹ̀ nìkan ló ti wò ó sàn. Àwọn tí kò wá rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àkànó ń sọ fún wọn pé kò sí agbára kankan nínú omi òun, pé kò sí nígbà kan rí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo ara wọn. Wọ́n ní ó ti rí ohun ńlá, ó fẹ́ fi pamọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Sèínábù, obìnrin kan láti Goubi, dé pẹ̀lú igbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń gbọ̀n, òógùn ti mú aṣọ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ti rìn láti àná. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi nínú èyí tó le. Èyí tó jó Ìyá."

"Sèínábù, gbọ́ mi. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Asíìdì ni. Ó ń pa ènìyàn ni."

"Ẹ má fi mí ṣeré, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ọmọ mẹ́ta nílé. Ẹ ṣàánú mi."

Hàjàrá jáde. Ó fi ọwọ́ di ògiri mú, ó wá dúró níwájú obìnrin náà, ó tẹ̀ba. Ó la ẹnu rẹ̀. Ó la gbogbo rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ ibẹ̀: ahọ́n tó ti ṣù, ẹran tó ti fà mọ́ra, ibi tí kéwú ti ń jáde tẹ́lẹ̀. Sèínábù yọjú wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ojú rẹ̀ là.

"Háà! Bẹ́ẹ̀ ló lágbára tó?"

Àkànó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ṣùgbọ́n Hàjàrá kò bínú. Ó gba igbá lọ́wọ́ obìnrin náà, ó dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó na ìka sí kẹ̀kẹ́ tó fara ti igi máńgòrò. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ètè rẹ̀ gbọ̀n, afẹ́fẹ́ jáde. Ó tún gbìyànjú.

"Tchamba," ni Ìyá wí.

Jàríátù mú aṣọ wá láti inú ilé, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, níbi tí okùn bátìrì ti jẹ irin rẹ̀ dán. Wọ́n gbé Sèínábù jókòó síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó gbóná di Àkànó mú nígbáròkó. Wọ́n ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn ní ìlú kó tó sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí i létí, bí ẹni tó mọ àṣírí.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti yé mi. Tchamba lẹ gbé omi náà pa mọ́ sí."